Ẹrù Ènìyàn Méjì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ orin, iṣẹ́ ìgbádùn ni. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, orí àga ló jókòó sí tó ti ń gbọ́ orin. Kò dé ẹ̀yìnkùlé rí, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ òótọ́ ibẹ̀, ẹ má bi olórin. Olórin kì í gbé ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Dùùrù ni wọ́n ń pè é. Orúkọ iṣẹ́ ti gbé orúkọ àbísọ mì pátápátá, débi pé Ọmọ Dùùrù ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò mọ dò, kò mọ mí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èjìká rẹ̀ òsì sì rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń tẹ́tí sí nǹkan kan nílẹ̀. Kò tẹ́tí sí nǹkan kan. Kíbọ́ọ̀dù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé há abíyá kiri. Pákó funfun àti dúdú tí ìka ń tẹ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún, òòlù kékeré kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó ń gbéra nígbàkígbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lára bíi ti dùùrù gidi. Òòlù tó tó bẹ́ẹ̀, àti irin tó gbé gbogbo wọn ró. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ogún ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn ni òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ lọ rà á. Méjì ni ọlọ́jà gbé síwájú wọn, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ohun tó mọ̀ nípa orin kò ju pé èyí dùn létí, èyí ò dùn. Ó na ìka kan, ó tẹ fífúyẹ́ yẹn, ó ní, "Èyí ò dáni lóhùn." Ó tẹ wíwúwo. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Dádì, èyí ń dáni lóhùn." Ọlọ́jà jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá ń gbé eléyìí kiri òde, ẹ̀yìn rẹ̀ á jẹ́rìí. Ìyàwó wo ọlọ́jà náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ò rí i pé méjì ni wá ni?"

Bí wọ́n ṣe fi ẹnu ara wọn ra wàhálà wọlé nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti rán báàgì fún un. Tapolí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ló fi ṣe ẹ̀yìn, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́ inú, ó fi síìpù gígùn kan pa á dé. Ó wá rán ìdìmú méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Ìdìmú ti ìdí, èyí tí yóò jẹ́ tirẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì pupa kan ló fi wé e kó má baà máa ge òun lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí tówẹ́ẹ̀lì náà bá ti gbó ló máa ń pààrọ̀ rẹ̀, pupa náà ló sì máa ń wá.

Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan: kí oníkálukú gbé irinṣẹ́ tirẹ̀. Kì í ṣe ahun ni wọ́n o. Lọ́dún kan, ẹnìkan fẹ́ ṣoore fún onífèrè, ó bá a gbé fèrè rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì gbé táyà ìpààrọ̀ lé e lórí. Ohùn tí fèrè yẹn mú jáde lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin akọrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló fi òfin náà lélẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí o bá máa fi ṣiṣẹ́, ìwọ ni kó o gbé e. Tó bá fọ́, ìwọ lo fọ́ ọ. Láti ìgbà náà, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹlòmíì, ojú tí wọ́n fi ń wo olè ni wọ́n á fi wò ó.

Àmọ́ òfin ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ ló dè. Ìyàwó Dùùrù kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láago méjìlá ọ̀sán, òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti ń ṣeré fún àwọn tó bá wá jẹun. Òkè kẹta ni ilé oúnjẹ náà wà. Lífíìtì wà níwájú, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, dígí ló yí i ká, àlejò ló sì wà fún. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olórin, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni tiwọn. Ó há, ó ga, ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló gbà kọjá, epo sì máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta ni. Lẹ́ẹ̀mẹta ló yí, fèrèsé kékeré kan sì wà níbi ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Dùùrù á di ìdìmú orí mú, á máa fi ẹ̀yìn gun àtẹ̀gùn lọ. Ìyàwó rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, á di ìdìmú pupa mú, á máa tẹ̀ lé e bọ̀. Tí wọ́n bá dé ibi ìyípo kejì, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á mí díẹ̀. Á bi í pé, "Ṣé kò wúwo jù fún ọ?" Ìyàwó á ní, "Apá tèmi ò wúwo rárá. Tiyín ni kẹ́ ẹ ṣọ́, kẹ́ ẹ má fi ẹ̀yìn gbá ògiri." Á nu ojú rẹ̀, wọ́n á tún gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún. Onílù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, máa ń ní nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìyàwó Dùùrù nìkan ni kì í ṣìṣe.

Ó wá kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni wọ́n sin ín. Nígbà tó di Sátidé, Dùùrù lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ní ó gbìyànjú, wọ́n ní ó ṣọkùnrin. Kò ṣọkùnrin kankan. Kò mọ ohun tí èèyàn tún ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé ni. Ẹkún kò wá. Ó dúró dè é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí èèyàn ṣe ń dúró de ẹni tó ní òun ń bọ̀; nígbà tó yá, ó ṣíwọ́ dídúró. Ó ń jẹun, oúnjẹ náà kò dùn, kò sì korò. Tí onílù bá pa á lẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Ó mọ ibẹ̀ dáadáa, ó ti bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló ṣe àṣìṣe kan. Ó wo ìdìmú méjèèjì, ó rí i pé ẹnìkan ṣoṣo ò lè dì í mú lórí kó tún dì í mú nídìí. Ó bá mú bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́ kan, ó so ó láti orí mọ́ ìdí, ó sì fi kọ́ èjìká òsì, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ fi di irin àtẹ̀gùn mú. Ẹlòmíì lè ní kò burú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á di orí mú. Ẹgbẹ́ wọn kò ní oníbéèsì. Ọwọ́ òsì Dùùrù ni béèsì wọn, òun ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo orin yòókù dúró lé. Èjìká ọwọ́ yẹn gan-an ló lọ gbé ẹrù kọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ sì rí i, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan, oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀.

Lóṣù kẹjọ tó ti ń dá a gbé bẹ́ẹ̀, ìka kékeré ọwọ́ òsì kú. Kò dùn ún. Ká ní ó dùn ún ni, ì bá ti pariwo. Ó kú bí ẹsẹ̀ ṣe ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ á jí, ìka yìí kò jí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e náà bá a lọ. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ ló ti rí i pé kò sí ife lọ́wọ́ òun mọ́. Ó yẹ kó já a láyà. Kò já a láyà. Ó kàn rò ó pé ìka náà lọ dara pọ̀ mọ́ ìyókù ara òun ni.

Ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rí ojú bẹ́líìtì lórí èjìká rẹ̀, ó dúdú, ó sì ti kó wọnú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀.

"Kí lẹ ń gbé, bàbá?"

"Kíbọ́ọ̀dù."

"Kílò mélòó?"

Dùùrù kò mọ̀. Ogún ọdún, kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé iṣan kan gba abẹ́ ibẹ̀ yẹn kọjá lọ sínú ìka, ẹrù náà ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun. Tó bá gbé e kalẹ̀, ìka lè padà jí díẹ̀díẹ̀, ó lè gbà tó ọdún kan. Tó bá ń gbé e lọ báyìí, kò ní í jí mọ́. Ó ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bàbá, tiyín ò sí lókèèrè mọ́." Dùùrù ní òun ti gbọ́. Ó dúpẹ́ dáadáa, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé e kọ́ èjìká.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, ojú sikéèlì ló ń wò láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ṣíwọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé sikéèlì pẹlẹbẹ kan bọ̀ wálé. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà lé e, tòun ti báàgì. Kílò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Níbi iṣẹ́ wọn, ẹrù tó bá ti ju kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, sítíkà kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, àwòrán èèyàn méjì tó jọ gbé àpótí ló wà lórí rẹ̀. Ó mú ọ̀kan jáde nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara báàgì, ó fi ọwọ́ tẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Dádì, tẹ́nìkan bá dá gbé irú èyí níbi iṣẹ́ wa, ilé ni wọ́n á lé e lọ."

"Èmi ò ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín."

"Mo mọ̀." Ohùn ọmọ náà ti yí padà. "Mọ́mì ti lọ. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ yín náà lọ."

Dùùrù rí i pé omi ti dé ojú ọmọ òun. Ó mọ̀ pé nǹkan kan wà tí bàbá ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó wá a, kò rí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ ti gbé òmíràn wá fún un. Kílò méje ni, pákó mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ike ni gbogbo ara rẹ̀, kò sí òòlù, kò sí irin. Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo gbé e gun àtẹ̀gùn. Onílù rí i, ó ní, "Dùùrù, ẹ ti wá di ọ̀dọ́ padà." Nígbà tó dé ibi ìyípo kejì, ó gbé e kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò rẹ̀ ẹ́. Ó dúró fún ìwọ̀n tó yẹ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ fi mí, kó tó rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀.

Ohun kan wà tí ọmọ kò mọ̀, tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀, tí Dùùrù fúnra rẹ̀ kò mọ̀ títí ó fi jókòó. Ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ti kú, ìwúwo nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń mọ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù àtijọ́, pákó á ti ìka padà, ìka ò ní í mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọrùn ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, ìgbọ̀nwọ́ náà á mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń rí ọ̀nà rẹ̀ lọ láti oṣù mélòó kan wá nìyẹn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lórí èyí tó fúyẹ́, kò sí ohun tó ti nǹkan kan padà. Ó dà bí ẹni ń tẹ atẹ́gùn.

Orin kẹta jẹ́ orin pẹ̀lẹ́. Àárín rẹ̀ ni ìka kékeré bọ́ sórí pákó tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kan tí kò bá orin mu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò sì dáwọ́ dúró. Onílù rò pé sípíkà ló ń ráhùn, ó fi ẹsẹ̀ ta á. Agbóúnjẹ kan lọ wo ẹ̀yìn fíríìjì. Dùùrù náà gbọ́ ọ, òun náà yíjú wo sípíkà, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n tún nǹkan yẹn ṣe. Ẹ̀gbọ́n ń kọrin lọ, kò dákẹ́, ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fi orin ṣeré, ó sì fi ìka méjì mú ìka kékeré Dùùrù, ó gbé e kúrò lórí pákó. Ohùn náà dákẹ́. Dùùrù ń wo ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n bó ṣe gbé e. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Nígbà tí wọ́n ṣeré tán, Ẹ̀gbọ́n dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìdáná.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"O ò sì sọ."

"Kí ni n bá sọ, Ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ó ní, "Gbọ́. Mi ò lè máa kọrin lórí béèsì tí kò mọ ibi tí òun wà. Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀ tí ọwọ́ òsì yìí ò bá dáhùn, màá pe oníbéèsì. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí. Tó bá ti dé, ó ti dé nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wàá máa fi ṣeré títí tá a fi máa tú ká."

"Mo gbọ́," ni Dùùrù wí. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn sọ dáadáa.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tó bá gbé èyí tó wúwo, ọwọ́ á kú. Tó bá gbé èyí tó fúyẹ́, ọwọ́ ò ní í rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ìgbádùn ni, ẹ bá a yàn.

Ó yan wíwúwo. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé bẹ́líìtì kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó kọjá ibi ìyípo àkọ́kọ́. Nígbà tí ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án kó dé ìkejì, gbogbo apá òsì rẹ̀ lọ. Báàgì yọ̀ lára rẹ̀, bẹ́líìtì bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Ó fi orúnkún fún un mọ́ ògiri, ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbá a mọ́ra. Kò lè gbé e lọ sókè. Kò lè gbé e padà sísàlẹ̀. Alásè kan gbé abọ́ àlùbọ́sà kọjá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn kó má baà fara gbá a. Dùùrù jókòó síbẹ̀. Iwájú ojú rẹ̀ gan-an ni sítíkà ọmọ rẹ̀ wà, èèyàn méjì àti àpótí wọn.

Ẹ̀gbọ́n ló wá a wá, ó ti wọ aṣọ tó fẹ́ fi kọrin. Ó dúró lókè orí rẹ̀, ó wò ó, ó wo báàgì.

"Ta ló lẹ nǹkan yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ ẹ gbọ́n jù ọ́ lọ."

Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó rá pálá kọjá lára rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀, ó nawọ́ sí ìdìmú pupa.

"Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀."

Ohùn náà ta lu ògiri, ó gòkè lọ. Nínú ilé ìdáná, ẹni tó ń gé nǹkan dáwọ́ dúró. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé, Dùùrù kò gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Òun gan-an wò yíká bí ẹni ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Nítorí òfin ni?"

"Kì í ṣe nítorí òfin. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà."

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lépo yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ó ní, "Fèrè ni mo torí rẹ̀ ṣòfin yẹn. Mi ò torí rẹ ṣe é. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ látọjọ́ tá a ti sin ín, mi ò sọ. Gbogbo Sátidé ni mò ń rí ọ lábẹ́ nǹkan yìí, mo ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó fi ìka gbá sítíkà náà. "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Jẹ́ kí èmi gbé orí. Ìwọ gbé ìdí. Ọwọ́ mi ò ní í kan ibẹ̀."

Dùùrù fi ọwọ́ ọ̀tún àti eyín tú bẹ́líìtì. Ó pẹ́ kó tó tú. Ẹ̀gbọ́n gba òkè rẹ̀ kọjá, ó di ìdìmú orí mú, ó kẹ́yìn sí àtẹ̀gùn. Dùùrù bọ́ sísàlẹ̀, síbi tí kò tíì dúró sí rí ní gbogbo ogún ọdún. Ó di tówẹ́ẹ̀lì pupa mú, ó ti apá òsì bọ abẹ́ báàgì. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó yá." Wọ́n gbé e.

Gbogbo rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó wá bá a láyà, ó wá bá a níkùn, ó tẹ orúnkún rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn rí, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń gbé e. Ẹni òkè, ojú ọ̀nà ló ń júwe. Dùùrù kò mọ̀. Òkè ló wà nígbà gbogbo. Ó ti rò pé ìdajì ni oníkálukú wọn ń gbé.

Ìṣísẹ̀ mélòó kan sí i, Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ tí kò dá ṣáṣá, ń fi ẹ̀yìn gòkè lọ ní tirẹ̀, ó sì ní, "Àṣé nǹkan yìí ò tiẹ̀ wúwo tó bí mo ṣe rò."

Wọ́n dé ibi ìyípo kejì, wọ́n gbé e kalẹ̀. Dùùrù dúró níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí, ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi tirẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀ bíi tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bá a. Kò rọra wá. Dùùrù tẹ orí lé báàgì, ó sì sunkún bí ọmọdé, ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Ó dùn ún. Gbogbo ibi tó ti kú lára rẹ̀ ló dùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ìka méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ pé kó pẹ̀lẹ́. Ó ṣí fèrèsé.

"Ó máa ń sọ fún mi pé kò wúwo," ni Dùùrù wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ìdìmú orí, ó wo Dùùrù nísàlẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ó fi etí gèlè nu ojú tirẹ̀ náà. Bí èèyàn bá ń sunkún ṣá, a máa ríran: aago ògiri ilé ìdáná ti lé ní mọ́kànlá ààbọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e," ni Dùùrù wí.

Wọ́n ṣeré lọ́sàn-án náà. Pákó ń ti ìka padà, ìgbọ̀nwọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ó ṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ̀gbọ́n sì fi ohùn bò ó. Kò pe oníbéèsì. Nígbà tí wọ́n parí, ó lọ bá ọ̀gá ilé oúnjẹ, ó dúró tì í lọ́rùn títí ó fi yọ̀ǹda igun kan fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Ibẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù náà wà títí dòní, kò tún sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Tí òde míì bá yọjú, èyí tó fúyẹ́ ni Dùùrù ń gbé lọ, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká máa wo ọwọ́ náà, ó ní ọdún kan kò tíì pé.

Báàgì nìkan ló gbé wálé lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ wà nílé. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó sọ fún un pé òun ti mọ ẹni tó ń gbé kíbọ́ọ̀dù ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kì í ṣe òun. Ó rò pé ẹnu á ya ọmọ náà. Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò ra tówẹ́ẹ̀lì pupa, kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀, Dádì. Mo bi Mọ́mì léèrè nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí n má sọ fún yín."

"Kí ló dé?"

"Ó ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ máa fẹ́ pààrọ̀ àyè, ọwọ́ yín á sì bà jẹ́."

Dùùrù gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí tówẹ́ẹ̀lì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ìka mẹ́ta mọ̀ ọ́n lára pé ó rọ̀.